Aṣọ Ara Thuraya

Ẹgbẹ̀rin dínárì ni Alhaji Khemais kà sọ́wọ́ Lazhar ní ọjọ́ kẹta oṣù Disẹ́ḿbà, ìdajì owó àwòrán kan ṣoṣo. Ẹgbẹ̀jọ ni wọ́n ná an sí. Àwòrán Thuraya ni, ìdì ìràwọ̀ tó kó ara wọn jọ lókè bí àgbébọ̀ adìẹ tòun tọmọ. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ìlú Douz létí aṣálẹ̀, ó sọ gbọ̀ngàn náà ní Thuraya, ó sì fẹ́ kí àwòrán yìí ti wà lára ògiri kí àwọn àlejò tó máa wá ṣe ọdún aṣálẹ̀ níparí oṣù náà tó dé.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, owó náà ti ní orúkọ. Ẹgbẹ̀ta lé ogún lọ sórí bẹ́líìtì àti mọ́tò kékeré tó ń yí awò tí Lazhar fi ń wo ọ̀run tẹ̀lé ìràwọ̀, nítorí eyín ti àtijọ́ ti jẹ tán. Ogójì lọ sórí epo ọkọ̀. Ogóje tó kù bọ́ sọ́wọ́ Mbarka, ìyàwó rẹ̀, fún oúnjẹ ilé. Ẹgbẹ̀rin kejì, tí Alhaji yóò san nígbà tó bá gba àwòrán, iṣẹ́ ti ń dúró dè é: owó ilé Hayfa, ọmọ wọn obìnrin tó ń kàwé ní Gabès. Onílé ti sọ fún ọmọ náà pé bí Jánúárì bá wọlé láìsí owó, kó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Fíríìjì ni Lazhar ń tún ṣe. Ọgọ́ta dínárì ló ń gbà lórí ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ ti opó. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ẹnubodè gúúsù ni wọ́n fi í ṣọ́, kò sì sí ohun tó rí wò níbẹ̀ lóru ju ojú ọ̀run lọ. Ibẹ̀ ló ti kó àrùn ìràwọ̀ wíwò. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń fi kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ ohun tí ojú lásán kò lè rí: ìkùukùu tó ń pọ́n bí ẹyin iná láàárín ìràwọ̀, agbo ìràwọ̀ tó jìnnà débi pé gbogbo wọn pọ̀ kò ju àbàwọ́n kan lọ. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ooru. Bó bá gbóná, àwòrán á kún fún èérún. Èyí tó ń mú ara rẹ̀ tutù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dínárì ni. Lazhar lọ tú ẹ̀rọ omi tútù kan tí wọ́n jù sórí ààtàn, ó yọ irin pẹlẹbẹ tó ń mú omi tutù nínú rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà àlòkù tirẹ̀. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ dínárì mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá mọ iye tí nǹkan ń jẹ́ yóò ṣí fìlà fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ òṣùpá. Òru mẹ́jọ péré ló dúdú tó kí ọdún aṣálẹ̀ tó dé, afẹ́fẹ́ sì gbé yanrìn fún méje nínú wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tó ti tún fíríìjì márùn-ún ṣe láti àárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà Zaafrane, ó wọ inú yanrìn lọ, ó to ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí ìràwọ̀ tó mú ṣáká nínú àwòrán, ìdérí dúdú kan wà tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu awò, tí wọ́n la ojú tín-ín-rín tín-ín-rín sí lára. Ìràwọ̀ tí a bá wò gba inú rẹ̀ á hu ẹgún mẹ́fà. Bí àwọn ẹgún náà bá ti pàdé ní ojú kan, awò ti mú nìyẹn. Wọn á yọ ìdérí, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgún ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni fóònù dún. Jilani alápatà ni.

"Ọ̀gá Lazhar! Fíríìsà mi ti kú o! Odindi ràkúnmí ló wà nínú ẹ̀, ọ̀la sì nìgbéyàwó!"

"Jilani, fara balẹ̀. Ṣé ó ń dún?"

"Èmi ni mò ń dún! Òun ti dákẹ́!"

"Lọ wo wáyà tó wọ ara ògiri."

Ó pẹ́ díẹ̀. "Háà. Ọmọ yìí ló yọ ọ́, ó fi ń cháàjì fóònù."

"Tì í wọlé padà. Dínárì mẹ́wàá."

"Torí kí ni? Ṣebí èmi ni mo tì í wọlé!"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ dínárì mẹ́wàá yìí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí Lazhar fi máa pa fóònù, ọwọ́ rẹ̀ ti kú fún òtútù. Ó tẹ bọ́tìnnì kí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pa ojú kọ̀ǹpútà dé kí bátìrì má bàa tán, ó fi aṣọ onírun ràkúnmí rẹ̀ bora nínú ọkọ̀, oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jí ní ìdájí, ìdérí náà ṣì wà lẹ́nu awò.

Odindi wákàtí mẹ́jọ. Ó jókòó sórí yanrìn, ó wo àwòrán náà: ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan hu ẹgún mẹ́fà, ìkùukùu búlúù tó yí Thuraya ká, èyí tó torí ẹ̀ jáde nílé, kò sí níbẹ̀. Ìdérí ti jẹ ìdajì ìmọ́lẹ̀, ẹgún sì bo ìyókù. Láti alẹ́ ọjọ́ náà lọ, òṣùpá ló ni òkè títí di Jánúárì.

Ní ọjọ́ kejì, kí Lazhar tó mọ ohun tí yóò sọ, Alhaji fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Mbarka ti gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Àwòrán wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Lazhar! Ìwọ ọkùnrin yìí! Gbogbo ìràwọ̀ ló dé adé!"

"Alhaji, ẹ má wo ìyẹn. Ó bàjẹ́ ni."

"Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Wò ó bó ṣe ń kọ mànà! Àwọn Faransé á máa ya fọ́tò níwájú ẹ̀ títí wọn ò fi ní rántí jẹun." Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹgbẹ̀rin rẹ rèé. Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde."

Mbarka gbé abọ́ kúsúkúsù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ariwo lé owó lọ.

"Àwọn ẹgún yìí kò sí lókè, Alhaji. Èmi ni mo gbàgbé ìdérí sẹ́nu awò."

"Ta ló fẹ́ gòkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bí mo bá tún fíríìjì yín ṣe, tí iná inú ẹ̀ ń tàn, tí kò sì tutù, ṣé ẹ máa sanwó?"

"Bí iná ọ̀hún bá rẹwà tó báyìí, màá san!"

Mbarka bú sẹ́rìn-ín. Lazhar náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́.

"Thuraya ní aṣọ lára," ó ní. "Aṣọ búlúù, ó fẹ́lẹ́ ju ìbòrí ìyàwó lọ. Òun lẹ ní kí n lọ yà. Ìhòòhò ni mo yà yìí, mo sì tún fi ẹgún gún un. Mi ò lè gba ẹgbẹ̀jọ lórí ẹ̀."

Alhaji wò ó, ó wo Mbarka, ó dá owó padà sápò. "Kò burú. Ẹgbẹ̀rin mi àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo ti ná an."

"Ta ni ò mọ̀ pé o ti ná an? Báwo lo ṣe máa san án ni mò ń bi ọ́!"

"Fíríìjì mélòó ló wà láwọn yàrá yín?"

"Ogójì. Ìdajì wọn ń hanrun bí akọ ràkúnmí."

"Màá tún mẹ́tàlá ṣe kí ọdún tó dé. Ọgọ́ta lọ́nà mẹ́tàlá, ẹgbẹ̀rin ó dín ogún. Màá mú ogún wá lówó."

Nígbà tí Alhaji jáde, Mbarka bu kúsúkúsù fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Hayfa, irọ́ làwọn ẹlòmíì fi ń jẹ gbèsè. Òtítọ́ lẹ̀yin fi jẹ tiyín."

"Owó ilé ọmọ ńkọ́?"

"Èmi lẹ ń bi?"

Lazhar ta awò kékeré rẹ̀ fún ẹnì kan ní Sfax, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dínárì. Mbarka mú ọ̀ọ́dúnrún wá nínú owó ẹní tó ń hun, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Yíyá ni o. Mi ò fi tọrẹ." Hayfa kò kó ẹrù síta.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Lazhar fi tún fíríìjì mẹ́tàlá ṣe. Àwòrán òkun, aláádọ́rùn-ún dínárì, ni Alhaji fi kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn Thuraya.

Nígbà tí òṣùpá Jánúárì wọ̀, Lazhar padà sí ojú ọ̀nà Zaafrane. Ó pa fóònù, ó jẹ́ kí awò mú dáadáa, ó yọ ìdérí, ó jókòó tì í. Òru méjì, wákàtí mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi kó ìmọ́lẹ̀ gbogbo rẹ̀ lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, aṣọ náà sì yọ jáde: ó búlúù, ó ní ìṣẹ́po, ó fẹ́ lélẹ̀ láti ara ìràwọ̀ kan dé èkejì.

Ó mú ogún dínárì lọ fún Alhaji, ó sì fi àwòrán náà hàn án lórí fóònù rẹ̀. Alhaji mú fóònù náà sún mọ́ ojú, ó pẹ́ kó tó dá a padà.

"Aṣọ ọ̀hún nìyí?"

"Òun ni."

"Ògiri mi ti kún, Lazhar."

"Mo mọ̀."

Alhaji kọ rìsíìtì fún un pé gbèsè ti tán.

Títẹ àwòrán náà jáde, bó ṣe tóbi tó, ọgọ́sàn-án dínárì ni, Lazhar kò sì ní i. Mbarka ló san án. Ó gbé e kọ́ sókè ibi tó ti ń hun ẹní, ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọgọ́sàn-án sábẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ọ̀rìnlénírinwó ni ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ báyìí. Kò tíì san kọ́bọ̀.