Wáyà Tí Ń Mí

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́yìn ilé epo, kò sí ẹni tí ń pe rewáyà igun ọ̀tún, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá Fínnífínní ni tọmọdé tàgbà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ so wáyà méjì, wọn a lọ́ wọn pọ̀, wọn a fi téèpù wé e, ó parí. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò họ wáyà títí yóò fi máa dán, yóò lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí i, yóò ta gọ́ọ̀mù lé e, yóò sì fi rọ́bà bò ó kí omi má baà ríbi wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí yóò kọ ọjọ́, irú ọkọ̀, orúkọ oní-ọkọ̀ àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dá a lójú pé iṣẹ́ òun kì í padà wá bá òun.

Mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ni ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Epo dúdú kì í kúrò lára ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi ẹ̀fẹ̀.

"Àna mi," yóò ké láti òdìkejì, "ṣé wáyà lẹ̀ ń so ni, àbí ẹ̀ ń di irun ìyàwó?"

Rewáyà a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ju kí ètè kan gbéra díẹ̀.

Ọkọ̀ Ìyá Olùkọ́ ni ó ba àárín wọn jẹ́. Obìnrin yìí ní ilé-ìwé kékeré kan, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni ó sì fi ń kó àwọn ọmọ lọ, tí ó fi ń kó wọn bọ̀. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ó tún un ṣe. Níbi iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ó wà lára sálẹ́ńsà, ohun kékeré kan tí ń gbóòórùn èéfín, tí ó sì ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Rewáyà ni ó so wáyà rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná ẹ́ńjìnnì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, tí ó sì ń tu èéfín dúdú. Ọ́fíìsì àyẹ̀wò èéfín lé e padà lẹ́ẹ̀kíní, ó lé e padà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí a dì sínú ọ̀rá lásán, rewáyà tún so ó. Èéfín kò lọ.

Alága ọgbà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní èyí kọ́ ni ẹ̀sùn èéfín àkọ́kọ́ tí wọ́n ń mú wá bá mẹkáníìkì yìí láàárín ọdún méjì. Ó yíjú sí rewáyà.

"Ìwọ tí a mọ̀ pé o kì í sọ̀rọ̀ àsọdùn, ṣé láti ara wáyà ni?"

Rewáyà ti fi mítà wọn wáyà náà láti ìkángun dé ìkángun, kò sì rí ibi tí ó já.

"Wáyà mi pé," ni ó wí. "Ẹ bi ẹni tí ó tú ẹ́ńjìnnì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi dájọ́. Bí ọkọ̀ náà bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, kí mẹkáníìkì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọgbà ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Mẹkáníìkì wo ojú rewáyà.

"Àna mi. Ẹ̀yin náà?"

Láti ọjọ́ náà, òdìkejì dákẹ́. Àbúrò rewáyà kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ náà kùnà lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Olùkọ́ wà á wá, ó gbé páálí kan lé orí tábìlì rewáyà.

"Èmi fúnra mi ni mo lọ ra ojúlówó sẹ́ńsọ̀ yìí. Ẹ bá mi so ó. Bí kò bá gbà, màá ta ọkọ̀ yìí fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí ẹ̀mí mi lè balẹ̀."

Ó lọ. Rewáyà gé sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kúrò, ó họ wáyà tuntun, ó fi irin ìyọ́-lẹ́ẹ̀dì síná. Bí irin ti ń gbóná lọ́wọ́, ó mú ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí, nítorí kì í ju ìwé nù láìkà á. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Ìlà karùn-ún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí wáyà sẹ́ńsọ̀ yìí, kò sì gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù dí i, nítorí pé láàárín àwọn fọ́nrán inú wáyà náà ni sẹ́ńsọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù tí ó fi ń wọn èéfín.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Wáyà ń mí! Lẹ́ẹ̀dì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀, èyí tí ó fi ń yangàn, ni ó dí ọ̀fun wáyà pa. Sẹ́ńsọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ gbà ń purọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé epo kò tó, ọpọlọ ọkọ̀ sì ń bu epo sí i. Mítà kò lè rí i. Iná ni mítà mọ̀, kò mọ èémí. Òórùn igi tí ń jó ni ó ta á jí: irin ìyọ́-lẹ́ẹ̀dì ti jó etí tábìlì rẹ̀ wọnú.

Ó yọ irin náà kúrò níná. Ó ki wáyà méjèèjì bọnú ihò bàbà kékeré, ó fi piláyà fún un pọ̀, kò sì fi ohunkóhun dí i. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó fi mítà sí wáyà náà. Nọ́ńbà mítà, tí ó ti sùn sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, gbéra, ó wálẹ̀, ó tún gbéra, bí àyà ọmọ tí ń sùn. Èéfín dúdú fẹ́lẹ́, ó sì dàwátì. Ó na áńkáṣíìfù funfun sí ẹnu sálẹ́ńsà. Funfun ni ó padà.

Ó jókòó lórí táyà kan. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹni tí ó rí i. Bí ó bá ní sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ni kò dára, ta ni yóò já a ní irọ́?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ láti kọ iṣẹ́ òní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé sẹ́yìn dípò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ó ti yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí wáyà sẹ́ńsọ̀ wọn láàárín ọdún méjì. Méje nínú wọn jẹ́ ti oníbàárà àna rẹ̀, àwọn tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí èéfín.

Nígbà tí ó dé abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì ti wà nínú bárò. Alága ní kí ó jókòó. Kò jókòó. Ó kó wáyà tí ó gé kúrò àti ìwé pélébé náà lé orí tábìlì.

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́. Mo dí sẹ́ńsọ̀ nímú."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Fínnífínní, wáyà ti hu imú báyìí?"

Ó ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láìfi ohun kan pamọ́. Alága yí ìwé náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Háà! Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìmọ́tótó pa ọkọ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi mẹkáníìkì.

"Àna mi, ṣé ọkọ̀ Ìyá Olùkọ́ nìkan ni?"

Ìbéèrè tí rewáyà ń bẹ̀rù nìyẹn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀rín kú ní ọkọ̀ kejì. Nígbà tí ó dé ọkọ̀ nọ́ọ̀sì kan, mẹkáníìkì gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ tún ìyẹn kà."

Ó tún un kà.

"Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí lólè lójú ọmọ mi. Wọ́n ní mo jí ojúlówó nọ́súlù tí ń fọ́n epo yọ, mo fi ayédèrú sí i."

Alága tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní kí mẹkáníìkì dá ẹrù rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Kò tíì tán, Alága." Mẹkáníìkì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gba ìwé náà, ó wo orúkọ méje náà. "Ilé nọ́ọ̀sì là ń lọ báyìí. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ máa kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ ọ́."

"Mo gbà," ni rewáyà wí.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ bárò mú, ó ń ti àpótí àna rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bárò ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ó dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tí kò tíì rọ̀ tán.

"Àna mi, ẹ rọra o. Táyà bárò yẹn náà ń mí, ẹ má lọ dí i nímú."