Ọmọ Wíwẹ̀ Tí N Kò Kọ́

Màmá àgbà kan ti fi ọṣẹ dúdú pa ọmọ náà lára tán. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé wọn lórí, ó ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn àdín gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Kemta. Èmi ni mo ń po omi gbígbóná mọ́ tútù. Ìyá mi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ náà, dùbúlẹ̀ nínú yàrá, fèrèsé rẹ̀ ṣí sí wa.

Ará ilé kejì wa ni màmá àgbà yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ ní ìtọ́jú ìdodo, láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun, òun ló ń kó àwọn abiyamọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ìgbìmọ̀ ìlera wà o. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, bàbá mi sì ni alága. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á ní, "Màmá, èrè yín ń bẹ lọ́run." Orúnkún ń dun màmá. Ọ̀run jìnnà.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọ ilé gbogbo. Mo bi í nídìí.

"Bí mo bá gba iwájú, àwọn bàbá tó wà ní pálọ̀ á ní kí n bá àwọn bu omi."

Àárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi wọ ẹ̀yìnkùlé nínú aṣọ funfun, òun àti méjì nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ilé-ìwé girama nígbà náà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. A ti rí ẹni tí yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Ọmọbìnrin mi yìí ni. Yóò máa gbé báàgì yín, yóò kọ́ṣẹ́ lára yín."

"Ilé-ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àánú nìyí, màmá. Obìnrin ni Ọlọ́run fún."

Igbá omi dúró gbagidi lọ́wọ́ mi. Màmá gbé ọmọ náà, tòun ti ọṣẹ, ó nà án sí bàbá mi.

"Ẹ gbà á."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Ẹ ṣan án. Iṣẹ́ àánú ni."

Ó gbà á kó má baà já bọ́. Ọmọ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Bàbá mi fún un mọ́ àyà, ọṣẹ dúdú lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun. Ọmọ figbe ta, ó sì tọ̀ sí i lára.

"Alága, ẹ di orí mú! Orí, mo ní orí!" ni ọ̀kan nínú wọn wí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Yóò lọ."

"Níbo? Ẹ wí i kí àwọn èèyàn yín gbọ́."

"Ilé-ìwé girama! Ẹ gba ọmọ, màmá!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi láti ojú fèrèsé. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Bàbá mi yan màmá náà lódì títí màmá fi kú, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ti gbọ́. Mo lọ.

Ọmọ tó tọ̀ sí i lára ló dìde níbi ìrántí bàbá wa ní Aké láìpẹ́ yìí. Ó ní bàbá wa ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, gbogbo wa ló fi sílé-ìwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni, àbúrò. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ló fi mí sílé-ìwé, ìwọ gan-an ló sì fi ṣe é. Àwọn obìnrin tó ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára rin inú oòrùn ládùúgbò wa lónìí, "iṣẹ́ àánú" náà la ṣì ń kí wọn. Ọkùnrin ló jókòó sábẹ́ fáànù.

Màmá ò kọ́ mi ní nǹkan kan lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bí mo bá sún mọ́ ọn níbi tó ti ń wẹ ọmọ, á ní, "Gbójú ẹ kúrò. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wọn á fi kọ́ ọ lọ́rùn." N kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bímọ tèmi, àwọn àna mi fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi. Mo jókòó, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná mi. Ọkọ mi ló ká apá aṣọ sókè, tó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti dàgbà, ohun tó ń bí mi nínú sì pọ̀. Àìmọ̀ yẹn kò sí lára wọn. Ó ṣì ń tù mí lára.