Imú Tí Kì Í Ṣe Ti Gómìnà

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ imú yìí lẹ́nu mi o, nítorí bí mo bá gbé e mì, inú mi lè bẹ́.

Oreste Bertolani ni ọ̀gá wa ní ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ń fi bébà àti ìyẹ̀fun pípò ṣe ère ńláńlá fún kánífà, àjọ̀dún ẹ̀fẹ̀ ọdọọdún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbé olóṣèlú gun orí ọkọ̀ kí ará ìlú lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Baba rẹ̀ ṣe é, baba-ńlá rẹ̀, Gino, ṣe é. Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni Oreste. Ó máa ń sọ fún wa pé Michelangelo, àgbà agbẹ́re ayé àtijọ́, náà gbìyànjú níwọ̀nba tirẹ̀.

Lọ́dún náà, Tersilio Galgani, gómìnà wa, ti ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa pa. Aboyún wá ń rin ogójì kìlómítà kí ó tó bímọ. Àwọn méjì ti bí sínú mọ́tò lẹ́bàá títì. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń gbé àbẹ́là níwájú ère Màríà Ìyá Ọlọ́mọ lọ́dọọdún. Ẹ̀fẹ̀ wo la tún fẹ́ wá lọ? Ọlọ́run ti ya àwòrán náà tán, kí a lẹ bébà mọ́ ọn ló kù.

Ṣùgbọ́n kánífà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Oreste sì ń kánjú. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó ń kánjú kì í gbẹ́ orí tuntun. Á gun àkàbà lọ síbi pẹpẹ mọ́ọ̀dù àtijọ́, àwọn ohun tí a ń lẹ bébà mọ́ kó lè gba àwòrán wọn, á mú etí níhìn-ín, á mú àgbọ̀n lọ́hùn-ún. Oreste mú imú kan sọ̀kalẹ̀, ó tẹ̀ bí ìkọ́, ó gùn tó apá mi. Ó mú ọwọ́ méjì tí ìka wọn dà bí èékánná àṣá, ó sì fi wọ́n gbá ayé mú, ayé odindi, tòun ti òkun. Gómìnà tí kò lè dí ihò ojú títì, òun ló gbá ayé mú.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Lọ́jọ́ kejì, Sora Liana Cassuto (Sora ni à ń pe ìyá àgbà) wá wọn aṣọ ère. Ìyá àádọ́rin ọdún ni, ọmọ Júù láti Livorno, òun ló sì ń rán aṣọ gbogbo ère Oreste láti ìbẹ̀rẹ̀. Láìsí i, ìhòhò ni àwọn olóṣèlú wa ì bá máa jáde, ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí. Ó gbójú sókè wo ère náà, ó sì ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀ padà sínú àpò.

"Oreste, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ, Sora Liana. Galgani mà ni."

"Imú Galgani rí roboto bí bọ́tìnnì. Níbo lo ti rí eléyìí? Imú ìkọ́ àti èékánná tó gbá ayé mú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kórìíra wa ṣe máa ń ya àwa Júù."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní kánífà kì í mọ ọlọ́lá, pé imú ọ̀kánjúwà lásán ni, kì í ṣe ti Júù, pé òun ní ọ̀rẹ́ Júù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Sora Liana ní kó dárúkọ wọn. Ó dárúkọ Sora Liana, ó na ìka kejì, ó sì ká a padà.

Ìyá náà ní kí n gbé mọ́ọ̀dù imú náà wá. Mo yí i padà. Nínú rẹ̀, Gino fi ìṣó kọ ọ́ gàdàgbà: Júù, 1938.

"Ọdún yẹn ni òfin lé ìyá mi kúrò nílé-ìwé nítorí pé ó jẹ́ Júù," ni Sora Liana wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bá mi bú Galgani, Oreste. Bú u dáadáa, ọmọ mi obìnrin wà nínú àwọn tó bí sínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n òun ni kó o bú. Bí imú yẹn bá jáde ní Sọ́ńdè, ó parí láàárín èmi àti ìwọ."

Ó lọ. Oreste fi ọjọ́ méjì ṣọ̀fọ̀ òmìnira oníṣẹ́-ọnà. Ó ń jẹun o, ó ń sunkún òmìnira. Ẹ̀rí ọkàn kọ́ ló padà là á lójú, ìgbéraga ni. Delio ẹlẹ́ja yà wá, ó wo ère náà títí, ó bèèrè bóyá àjẹ́ ni. Obìnrin oníkọfí ní ọ̀gá báńkì ni, kò mọ èyí tó jẹ́. Kò sẹ́nì kan tó dárúkọ Galgani. Ère gómìnà tí ìlú gómìnà kò dá mọ̀! Ìyẹn ló dun ọ̀gá dé egungun.

Ó gbé ayùn. Imú lọ, ọwọ́ àṣá lọ, ayé náà yí lọ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. A lẹ fọ́tò gómìnà mọ́ ògiri, a sì gbẹ́ ohun tó wà níbẹ̀: imú bọ́tìnnì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí búrẹ́dì tó wú, àbẹ́là lọ́wọ́ ọ̀tún, kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí lọ́wọ́ òsì, aboyún mẹ́fà tó ń sáré tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a kò tíì yà ní kọ́nà tí àwọn èèyàn ti ń pariwo "Tersilio!" Gómìnà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà pé a ba òun lórúkọ jẹ́. Inú wa dùn, ó dá ara rẹ̀ mọ̀.

Sora Liana ti rán aṣọ ère náà kó tó di Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kò ní wọ ṣẹ́ẹ̀dì níwọ̀n ìgbà tí mọ́ọ̀dù imú náà bá ṣì wà lórí pẹpẹ láàárín etí àti àgbọ̀n, tó ń retí ẹni tó ń kánjú. Oreste ní ogún baba òun ni, òun kò lè fọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á. Níkẹyìn, ó kan tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, ó dojú mọ́ọ̀dù náà délẹ̀ síbẹ̀, kí ìkọ̀wé Gino lè hàn sí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Sora Liana wá, ó kà á, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní kọfí.

Ó ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ wá wò ó. Kí ẹ sì mú àwòrán ẹ̀fẹ̀ èyíkéyìí tó pa yín lẹ́rìn-ín lánàá dání, pẹ̀lú fọ́tò ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín wò bóyá imú rẹ̀ ni.