Ìyàwó Tó Fọ Òkúta Aláró

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí ìjọba múlẹ̀ ní Ìlọrin, mo ti ń pa aṣọ láró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ọ̀gá àwọn aláró agboolé wa. Ẹtù tó bá ti ọwọ́ wa jáde, sánmà gan-an ń jowú rẹ̀.

Omi aró tí a bá dànù kì í bọ́ sódò ní tààrà. Orí òkúta tí àwọn ìyá wa tò sínú àgbàrá ni ó ń gbà, díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó tí kò fẹ́ dé ilé ọkọ. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ti hù bo àwọn òkúta náà. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ìdọ̀tí aró ni oúnjẹ rẹ̀. Kí omi tó dódò, ó ti mọ́.

Ìròyìn dé pé wolé-wolé ń bọ̀, pé bí ó bá bá aró nínú odò, a ó kó ìkòkò wa kúrò níbẹ̀ títí ayé. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí ìmọ́tótó rẹ̀ ń dẹ́rù ba adìyẹ, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó bu yanrìn, ó mú kànìnkànìn, ó fọ gbogbo òkúta náà títí wọ́n fi ń dán.

Ní ọjọ́ kejì, igbe ta létí odò. Alfa àgbà àdúgbò wa ti ṣe àlùwàlá tán. Irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun bí òwú ti di aró!

"Funfun niyì eyín! Ta ló sọ fún yín pé aró niyì irùngbọ̀n?"

"Ẹ má bínú, Alfa," ni ìyá mi wí, ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rín. "Ẹ ti padà di ọ̀dọ́."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ilé!"

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wa tí wolé-wolé fi yọ. Ó wo odò, ó wo òkúta.

"Ta ló fọ ìwọ̀nyí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Èmi ni, ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n lè mọ́ ni."

Wolé-wolé bú sẹ́rìn-ín. "Ilé aláró ni wọ́n bí èmi náà sí, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá mi ìbá fi igi orógùn lé ọ dé ilé bàbá rẹ!" Ó yíjú sí ìyá mi. "Màmá, mo ń padà bọ̀ bí oṣù bá lé. Bí odò kò bá mọ́, ìkòkò yín ń lọ."

Ni a bá ń ti agboolé dé agboolé, tí a ń tọrọ òkúta yíyọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, kí ohun ẹlẹ́mìí ara wọn lè ràn mọ́ tiwa.

"Ẹ gbà wá o! Ọmọlúàbí ti ń ṣagbe ìdọ̀tí!" ni àwọn aládùúgbò ń wí, wọ́n sì ń gbé e rù wá. Ìyàwó ló ru èyí tó pọ̀ jù, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. A tò wọ́n sáàárín àwọn tó dán, a sì ń ta omi aró sí wọn ní ìwọ̀nba, bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Kò pẹ́, gbogbo wọn tún ń yọ̀.

Oṣù lé. Wolé-wolé dé, ó bu omi odò sínú àwo funfun, ó gbé e sójú oòrùn. Omi náà mọ́ gaara.

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, Màmá."

Kó tó dé ojú ọ̀nà, a ti ti aṣọ bọ ìkòkò.