Kérésì Ẹ̀yìn Àgádágodo

Ní àdúgbò wa ní Ìlaròó, abọ́ kì í jókòó sójú kan lọ́jọ́ ọdún. Bí Iléyá bá dé, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí á gbé ẹran wá fún àwa onígbàgbọ́. Bí Kérésì bá dé, àwa náà á se ìrẹsì, a ó dín adìyẹ, a ó bù ú sínú abọ́ tó ní ìdérí, àwọn ọmọ á sì máa gbé e láti ojúlé dé ojúlé. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n bí abọ́ ilé kan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá mọ̀, wàá sì máa rò ó kiri inú.

Èmi náà ti rò ó rí. Iléyá kan wà tí ẹran Màmá kò dé ilé wa. Màmá ni opó àgbàlagbà tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tó jẹ́ pé igi máńgòrò kan náà ló ń da ewé sí ojúlé wa àti tiwọn. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ń lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ṣàgámù, ilẹ̀kùn wọn sì wà ní títì. Mo kùn sí ọkọ mi létí pé ó yẹ kí wọ́n fi ẹran tiwa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan kí wọ́n tó lọ. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

Tíṣà ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní politẹ́kíníkì. Olówó oṣù ni wọ́n ń pè wá ní àdúgbò, a kì í sì í bá wọn jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí owó oṣù náà tó balẹ̀ ni ọjà ti ń dúró dè é. Nígbà tí Kérésì tó kọjá yìí ń sún mọ́lé, àwa méjèèjì jókòó sí yàrá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun tí a lè yọ kúrò nínú ìnáwó ọdún. Owó iléèwé àwọn ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún, a kò sì fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ tuntun ló kọ́kọ́ lọ. Iná tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì tí à ń ta sójú wíńdò tẹ̀ lé e. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, páálí bísíkíìtì tí à ń pín fún àwọn ọmọ tó bá wá kí wa kú ọdún náà lọ. Inú mi ń dùn bí a ṣe ń yọ wọ́n, mo ń rò pé ọgbọ́n ni à ń gbọ́n. Ìgbà tí a dé orí abọ́ ìrẹsì ni ọ̀rọ̀ dojú rú.

A ò lè fún ilé kan kí a fo ìkejì. Bí a bá sì ní ká fún gbogbo wọn bí a ti ń ṣe, gbogbo ohun tí a ti yọ tẹ́lẹ̀, asán ni. Ọkọ mi ní kí a kàn sọ fún àwọn ènìyàn pé ọdún yìí kò rọgbọ, kí a se ìwọ̀nba tí àwa àti àwọn ọmọ máa jẹ. Ó ní ta ni kò mọ bí ìlú ṣe rí. Òun ló sọ òótọ́. Èmi ni mo ní ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Tíṣà tó ń wọ bàtà gogoro lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ́ ọmọ àwọn ará àdúgbò, kó wá máa sọ fún wọn pé òun kò lè bu abọ́ ìrẹsì kan? Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo wá mú àbá wá pé kí a sọ pé à ń lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹni tí kò sí nílé, ta ló máa retí abọ́ rẹ̀?

Ọkọ mi ní owó ọkọ̀ gbogbo wa, pẹ̀lú ẹ̀bùn tí a máa kó lọ́wọ́ lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, yóò ju owó ìrẹsì lọ. Mo ní n kò sọ pé a máa lọ. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Màmá ni mo kọ́kọ́ lọ sọ fún, nítorí bí wọ́n bá ti gbọ́, àdúgbò ti gbọ́. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da èèpo ẹ̀gẹ́ fún àwọn ewúrẹ́ wọn. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mọ ilé bàbá wọn. Wọ́n gbàdúrà pé a kò ní í fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, pé àlọ wa á dùn, àbọ̀ wa á dùn, èmi sì ń ṣe àmín sí àdúrà ìrìn àjò tí n kò lọ. Wọ́n wá ní kí n má ronú nípa ilé rárá, pé àwọn á máa bá wa mójú tó o. Ibẹ̀ ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Wọ́n ní ìyọnu wo ló wà nínú ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, a di báàgì. Aṣọ àtijọ́ ni a kó sínú wọn kí wọ́n lè wú dáadáa. Ọkọ mi fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn iwájú láti ìta, a gun ọ̀kadà lọ sí ìhà gáréèjì, a ń juwọ́ sí ẹni tó bá kí wa. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lẹ́yìn náà a gba inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, a sì gba ilẹ̀kùn kíṣìnnì wọlé. Ọkọ mi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkété, báàgì lórí rẹ̀. N kò ní í purọ́ fún yín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí ilẹ̀ Kérésì mọ́, ẹ̀rín ti tán. Ẹni tó lọ sí Ayétòrò kò ṣeé rí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlaròó, nítorí náà inú yàrá ni a ti gbọ́ agogo ìsìn. A kọ orin ọdún ní ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí. Mo se ìrẹsì, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ dín adìyẹ nítorí òórùn rẹ̀, bíbọ̀ ni mo bọ̀ ọ́. Gbogbo wíńdò wà ní títì, ooru ń bò wá. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin, bi mí pé ta ni à ń sá fún. Mo ní kó jẹun. Ó jẹ díẹ̀, ó tún gbójú sókè.

"Mọ́mì, ṣé a jí nǹkan ni?"

Bàbá rẹ̀ ní a kò jí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti gbọ́n tó láti mọ ohun tó ń lọ, kò wo ojú mi. Àìwojú mi yẹn dùn mí ju ìbéèrè àbúrò rẹ̀ lọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ níwájú ilé. Mo rọra lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Màmá ni. Ọyẹ́ ti da ewé máńgòrò sílẹ̀ rẹpẹtẹ, Màmá sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, wọ́n ń gbá ojúlé wa. Obìnrin kan tó ń kọjá bi wọ́n pé kí ni tiwọn nínú ewé ojúlé ẹlòmíràn. Wọ́n ní bí ewé bá pọ̀ níwájú ilé, olè á mọ̀ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Mo rò pé bí wọ́n bá gbá a tán wọ́n á padà sílé. Wọn ò padà. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn wa. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú aṣọ ọdún, àwọn mìíràn wọ awò oníke dúdú sójú, wọ́n wá kí Tíṣà kú ọdún. Màmá sọ fún wọn pé Tíṣà lọ sí Ayétòrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ ìborùn wọn. Bísíkíìtì ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ wá gba tiyín," ni Màmá wí. "Tíṣà ló fi í sílẹ̀ pé kí n fún yín."

N kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá Mùsùlùmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń fi owó ara wọn bá mi ṣe Kérésì tí mo sá fún. Ojú tì mí débi pé orí mi wú. Ó ṣe mí bíi kí n jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn tí a fi ọwọ́ ara wa tì láti ìta? Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí Màmá má ṣáà mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kí mi láti ojúlé wọn?

Ẹnu àdúrà náà ni mo ṣì wà tí ìdérí ìkòkò já bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi ní kíṣìnnì. Ó dún gbàràgàdà lórí símẹ́ǹtì, ó sì ń yí lọ. Kò sẹ́ni tó mí nínú ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wà níta ní ènìyàn wà nínú ilé o. Mo ń wo ẹ̀yìn Màmá láti etí kọ́tìnnì. Wọn ò yíjú padà. Wọ́n ká ọ̀rá bísíkíìtì wọn, wọ́n ní:

"Ológbò wọn ni. Ó yá, ẹ máa lọ sí ilé kejì."

A kò ní ológbò. A kò ní in rí láti ìgbà tí a ti dé àdúgbò yẹn, Màmá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìgbálẹ̀ wọn mọ́ ara igi máńgòrò, wọ́n sì wọlé wọn lọ.

Nígbà tí a ti fojú bù ú pé ẹni tó lọ sí Ayétòrò á ti bọ̀, a tún gba inú oko ẹ̀gẹ́ jáde, a lọ sí gáréèjì, a sì gun ọ̀kadà padà wálé pẹ̀lú báàgì wa. Màmá kí wa káàbọ̀. Wọ́n bi wá nípa ará Ayétòrò. Ọkọ mi ní àwọn ará ibẹ̀ ní kí á kí Màmá, ó sì sáré ṣí ilẹ̀kùn. Èmi kò lè wọlé. Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo tẹ̀ lé Màmá lọ sídìí ewúrẹ́ wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní Màmá, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò wa yìí. Ibi tí ẹnu mi lè sọ ọ́ dé nìyẹn, ẹkún gba ìyókù.

Màmá ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Wọn ò wò mí, mo sì mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò lára mi.

"Ìyàwó mi, dìde nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìrìn àjò yẹn, èmi náà ti lọ ọ́ rí. Iléyá ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi kú. Mo ní Ṣàgámù ni mo lọ, inú yàrá mi ni mo wà."

Wọ́n ní kí n lọ sinmi, pé ó ti rẹ̀ mí. Mo dìde, ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò ni ẹsẹ̀ mi gbé mi dé. Mo rántí Iléyá náà dáadáa. Mo rántí bí mo ṣe kùn nítorí ẹran. Mo sì rántí pé bí mo bá ń lọ sí ọjà, ojúlé Màmá ni mo ń gbà, tí ewé gbígbẹ sì ń dún lábẹ́ bàtà mi, nígbà tí Màmá wà nínú yàrá tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ewé náà kún ibẹ̀ títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbá a.