Páìpù Farquhar

Kò sí ẹni tó ń mu wísíkì lábúlé wa tí kò mọ ọjọ́ tí olóògbé Farquhar MacVarish pe àgbọ̀nrín, tí àgbọ̀nrín sì dá a lóhùn. Oṣù kẹwàá ni, nígbà tí koríko òkè ti pọ́n, tí àwọn akọ ń ké torí abo. Farquhar ti ẹnu bọ páìpù èéfín tó yọ lára sítóòfù ìyàwó rẹ̀, ó bú ramúramù. Kó tó mí, akọ ràbàtà kan ti ń sáré bọ̀, ìwo níwájú, ìjà ló bá wá. Igi wo ni kó gùn? Òkè yẹn ò nígi. Ó bẹ́ sínú irà, ó rì dé ìbàdí, ó wá nawọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tormod, tó lúgọ sẹ́yìn àpáta.

"Tormod ló pè ọ́ o! Èmi kọ́! Òun nìyẹn!"

Bó bá ń sọ ọ́ nílé ọtí, akọ kan á di mẹ́ta.

"Farquhar, ọ̀kan ni," Tormod á ní.

"Ìwọ tó o dijú pa, kí lo rí?"

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Dókítà ní kò ní rí ọdún tuntun.

"Kí àwọn àgbọ̀nrín dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, Tormod. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ikú wá máa bọ̀."

Tormod fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e pọ̀n dórí òkè. Láti àárọ̀ ni Farquhar ti ń fọn páìpù, kò dún ju kẹ́tùlù lọ. Àwọn àgbọ̀nrín ń jẹko wọn, ọ̀kan ò gbórí sókè. Omi lé ròrò sójú Farquhar.

"Wọ́n ti gbàgbé mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tormod lọ́kàn. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó yà sẹ́yìn àpáta, ó fọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó ké bí akọ àgbọ̀nrín títí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya.

Ẹ̀rín ló bá lẹ́nu Farquhar nígbà tó padà dé.

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi gan-an."

Farquhar mu wísíkì díẹ̀, ó wò ó títí. "Kó yáa lọ gba oògùn ikọ́ o. Ọ̀fun ẹ̀ ò dáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èémí Farquhar fi fẹ́ pin. Yìnyín ò tíì bọ́ tó fi kú.

Nígbà tí oṣù kẹwàá tún dé, Tormod nìkan ló gbé páìpù gòkè. Kò wù ú láti lọ, àmọ́ jíjókòó sílé tún burú jù. Ó ti ẹnu bọ páìpù láti ké. Ẹkún ló bú jáde, ẹkún burúkú, ẹkún àgbàlagbà tí ayé ti sú.

Láti orí òkè, akọ kan dáhùn.

Tormod yíjú kíá. "Farquhar, ó ti..."

Koríko nìkan ló wà níbẹ̀.

Akọ náà yọ sórí òkè, ó dúró, ó ń wò ó. Tormod ò lúgọ. Ó nu imú.

"Èmi kọ́ ni mo pè ọ́," ó ní. "Farquhar ni."