Inṣá-Allah Inú Ìwé Àdéhùn Awwal

Awwal ò ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń tà. Inú fóònù ló ti kọ́ ọ: wá ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, bá a tọwọ́ bọ̀wé, fi nǹkan dá ilẹ̀ náà dúró, kí o sì gbé àdéhùn ọ̀hún fún ẹni tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọjọ́ tó pé. Lójú rẹ̀, bí ẹni ń fẹran jẹ̀kọ ni.

Ó rí ilẹ̀ kan l'Ọ́fàtẹ̀dó. Bàbá Ọlọ́rundáre ló ni ín, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Iléṣà, alàgbà ìjọ Àpọ́sítélì. Awwal ò lówó, ló bá fi ọ̀kadà tó fi ń jẹun dúró. Lọ́yà kẹ̀? Lọ́yà á kàn jẹ èrè òun ni. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé: òun yóò sanwó tán kí oṣù tó parí, bí òun ò bá san, ọ̀kadà di ti Bàbá. Ó wá fi "Inṣá-Allah" dé e lórí.

Munawwarah, ìyàwó rẹ̀, kà á.

"Bàbá Kifayat, ibo lẹ kọ ọ́ sí pé tẹ́ ò bá rí oníbàárà, ẹ máa gba ọ̀kadà yín padà?"

"Ṣé o ò rí Inṣá-Allah ni? Tí Ọlọ́run ò bá fẹ́, ó tán nìyẹn."

"Háà! Ẹ ti sọ Ọlọ́run di lọ́yà ọ̀fẹ́."

Oníbàárà dé lóòótọ́ nígbà tí oṣù ń parí lọ: Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń ta sìmẹ́ńtì l'Ọ́jà Ọba. Awwal mú un lọ bá Bàbá.

"Ta nìyí?"

"Òun ni mo gbé àdéhùn náà fún, sà."

"Ìwọ ni mo bá ṣàdéhùn. Ibo la kọ ọ́ sí pé o lè gbé e fún ẹlòmíràn? Mú owó wá, o jàre. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Mo lè lóṣòó dè ọ́ títí oṣù á fi parí."

Rẹ̀mílẹ́kún ní òun ò ní kówó fún ẹni tí kò nílẹ̀. Oṣù parí. Bàbá gba ọ̀kadà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ta ilẹ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ṣùgbọ́n mo kọ Inṣá-Allah, sà! Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ!"

"Èmi náà gbàdúrà, ọmọ mi. Ó fẹ́ ẹ fún mi."

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Awwal ò dìde lórí ẹní. Èèyàn méjì gbàdúrà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àṣé ẹni tó bá mọ ìwé kà dáadáa ni Ọlọ́run ń dá lóhùn? Ó tọrọ àforíjìn fún ìbéèrè náà. Ìbéèrè náà ò lọ.

Ó ń fẹsẹ̀ rìn relé nígbà tí ọ̀kadà kan dúró tì í. Bàbá ni, Bíbélì lábíyá, ó ń lọ sí ìpàdé àdúrà. "Mo gbára lé Allah" tí Awwal lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ṣì wà níbẹ̀ gbàgìdì.

"Gùn ún, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ ní títì."

Awwal gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ara rẹ̀. "Ẹ rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o, sà. Ó máa ń fò."

"Nígbà míì, kọ ọ̀nà àbájáde sínú ìwé kí o tó kọ Inṣá-Allah."

"Ẹ kúkú ti rí i pé kò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Bàbá fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ̀kadà fò, bí Awwal ṣe wí gẹ́lẹ́.